Àwọn Ìlà Ara Òpó Ilé Onígbàjámọ̀

Tsubakiura
Ilẹ̀ Japan, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, 1995

Sawako ọmọ mi,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ló ń rọ̀, aṣọ tí mo fi ń nu ojú àwọn oníbàárà kò gbẹ mọ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ti sọ oko ìrẹsì ẹ̀yìn ilé di tiwọn. Mo gbọ́ pé ní Jámánì òjò kì í ní àsìkò, pé ó kàn ń rọ̀ bó ṣe wù ú ni. O kú ìfaradà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ wọn bá ọ lára mu?

Ẹ̀gbọ́n mi Ikuyo ló fún mi ní àdírẹ́sì rẹ. Má bínú sí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó wá fún mi kí n lè jẹ́ kó sinmi. Kì í ṣe àìsàn ló mú mi kọ̀wé, má fòyà. Àwọn onífíìmù ló dé sí ìlú wa.

Fíìmù tí wọ́n fẹ́ ṣe dá lórí ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ooru. Olùdarí wọn ń jẹ́ Hirabe. Ọmọdé ni, irun rẹ̀ bo etí, díẹ̀ ló kù kí n gbé e jókòó sórí àga kí n bá a gẹ̀ ẹ́. Ó ti wọ gbogbo ilé tó wà létí òkun, kò rí èyí tó wù ú. Nígbà tó wọ tiwa, ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ kan òpó àárín ilé, ó ní, “Ibí ni.” Nínú gbogbo ìlú yìí o, ilé wa ni wọ́n mú.

Èmi náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe onígbàjámọ̀ tó ń kọjá lójú ọ̀nà, tó rí ọmọ náà, tó wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Ọmọ yìí mà ti ga o.” Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìwọ gbé e wò dáadáa. Èèyàn lè sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ̀, ó lè sọ ọ́ bí ẹni tó ń káàánú. Mo ti ń sọ ọ́ níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn oníbàárà ní kí n gbà wọ́n lọ́wọ́ gbólóhùn yìí, pé irun ni àwọn wá gẹ̀.

Wọ́n ní lọ́dún tó ń bọ̀ àwọn máa fi fíìmù náà han ará ìlú ní gbọ̀ngàn. Wá. Bí o kò bá fẹ́ jókòó tì mí, jókòó sẹ́yìn. Bí o kò bá sì fẹ́ wo fíìmù, yà sílé kí o mu ife tíì kan. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fà ọ́ lọ́wọ́ jáde, o kò tún fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Kí o tún gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Tokunaga Eisaku


Düsseldorf
Ọjọ́ kẹta oṣù keje, 1995

Sí Ọ̀gbẹ́ni Tokunaga,

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, torí pé lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé ẹnì kan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Fíìmù nípa bàbá tí ìyàwó kọ̀, nínú ilé yín. Ó yẹ kí àwọn èèyàn yẹn kọ́kọ́ wá bi màmá mi. Ì bá sọ fún wọn pé òṣèré ni onílé fúnra rẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ mú ẹlòmíràn wá láti Tokyo. Ta ló tún mọ iṣẹ́ náà jù yín lọ? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan kí ẹ lè lọ bá ẹgbẹ́ eléré yín. Màmá á gbé oúnjẹ yín kalẹ̀, á fi àwo bò ó, oúnjẹ á tutù. Ẹ ó dé, ẹ ó máa fi ohùn ọba sọ̀rọ̀, ẹ ó ní kí a mú omi wá.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí oṣù kọkànlá tí mo pé ọmọ ọdún méje, bóyá ẹ ti fi ọ̀rọ̀ eré mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú orí yín. Màmá wọ kìmónò pupa fún mi, ó kun ètè mi, ó gbé àpò súìtì gígùn tí wọ́n ń fún ọmọ ọdún méje lé mi lọ́wọ́. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ojúbọ, à ń retí yín kí àlùfáà lè gbàdúrà fún wa. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mi ló ti wọlé, tí wọ́n ti jáde, tí bàbá wọn ti ya fọ́tò wọn. Àlùfáà ń yọjú wò wá. Nígbà tó yá kò béèrè yín mọ́. Ìlú kejì lẹ wà, ẹ dé irun funfun àtọwọ́dá, ẹ ń ṣe bàbá arúgbó kan tó ń sunkún nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Anti Ikuyo ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ gan-an.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin kó tiyín ròde tán, ẹ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé.

Gbólóhùn kan ni wọ́n fún yín nínú fíìmù, ẹ sì ń fọ́nnu. Ẹ má fọ́nnu. Wọ́n ti wò yín, wọ́n ti mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí bàbá bíi tiyín lè sọ fún ọmọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni pé mo ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí àwọn ará ilẹ̀ wa dá sílẹ̀. Mo ní àfẹ́sọ́nà. Rainer lorúkọ rẹ̀, ó ń tún ọkọ̀ ojú irin ìgboro ṣe. Ó máa ń wá nígbà tó bá ní òun ń bọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ mo máa mú un wá sí Osaka kí màmá lè rí i. A kò ní yà sí Tsubakiura. Tíì wà ní Osaka.

Ẹ má dárúkọ mi fún àwọn onífíìmù yẹn.

Ohara Sawako


Tsubakiura
Ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án, 1995

Sawako ọmọ mi,

Ooru ti ń rọlẹ̀. Àwọn kòkòrò orí igi ti dákẹ́, àwọn abẹ́ koríko ló kù tó ń ké. O kò kí mi kú òjò nínú lẹ́tà rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kí mi kú òjò ná. Mo mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ akọ pàápàá sàn ju kí èèyàn kàn já wọlé bí ọlọ́pàá lọ.

Ọ̀rọ̀ ojúbọ, bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí.

Àwọn onífíìmù ti lọ. Irú èèyàn wo nìyẹn? Kí wọ́n tó dé, mo ti fọ gbogbo ilé, mo fi omi gbígbóná nu ẹní, mo bó ìdọ̀tí ìdí ìkòkò títí ó fi ń dán. Hirabe wọ ilé ìdáná, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ilé yìí kò jọ ilé ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yẹ kó rí? Ó ní ó yẹ kó dọ̀tí. Ni wọ́n bá gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, eruku ló wà nínú rẹ̀. Eruku láti Tokyo! Ọmọbìnrin kan wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ún mọ́ fèrèsé mi. Wọ́n to ìgò ọtí yí ibùsùn ká. Ìwọ mọ̀ pé n kì í mutí. Ọtí ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ta ni yóò sì na ọrùn fún onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n?

Òṣèré tó ṣe bàbá náà ń jẹ́ Minegishi. Gbajúmọ̀ ni, àwọn obìnrin ìlú ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọgbà kí wọ́n lè rí i. Wọ́n ní kó fọ ìrẹsì. Ó da ọṣẹ sí i. Mo fi ojú ara mi rí i, Sawako, ó da ọṣẹ sí ìrẹsì, ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ gbogbo ilẹ̀ Japan bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Lẹ́yìn náà wọ́n kán oògùn sí i lójú, ó wá ń sunkún lé ìrẹsì náà lórí. Ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ kì í sunkún nídìí ìrẹsì. Ó máa ń fọ èyí tó pọ̀ jù ni. Ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ìwọ̀n oúnjẹ ẹnì kan. Mo sọ fún Hirabe, ó ní ìyẹn kò ní hàn nínú kámẹ́rà.

Wọ́n gba gbólóhùn mi lọ́wọ́ mi. Ẹlẹ́ja àdúgbò wa ni wọ́n fún. Ọ̀rọ̀ náà gùn, n kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹlẹ́ja sọ ọ́ bí ẹni tó ń polówó ẹja. Rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí ọ.

Àfẹ́sọ́nà rẹ yẹn, ṣé irun wà lórí rẹ̀? Ṣé ó ga? Ó yẹ kó ga. Obìnrin tó ga bíi tìrẹ, kò dáa kó máa tẹ̀ ba kó tó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ.

Osaka kò jìnnà sí ibí. Ọkọ̀ ojú irin kan ni, ẹ ó kàn sọ̀ kí ẹ tún wọ kékeré. Ife tíì kan, o lè mu ún lórí ìdúró.

Bàbá rẹ,
Eisaku


Tsubakiura
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 1996

Sawako ọmọ mi,

Òdòdó ṣẹ́rì ti yọ, afẹ́fẹ́ òkun sì ti gbọ̀n wọ́n dànù kí á tó tẹ́ ẹní jókòó sábẹ́ wọn. Mo fi káàdì ọdún tuntun ránṣẹ́, o kò fèsì. Mo fi èso kákì gbígbẹ ránṣẹ́, o kò sọ bóyá ó dé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, nítorí náà mo tún kọ̀wé.

Wọ́n fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn lánàá. Gbogbo ìlú ló wá. Ẹlẹ́ja wọ kóòtù, ìyàwó rẹ̀ ra òdòdó fún un nítorí gbólóhùn tó jẹ́ tèmi. Àwọn obìnrin ń sunkún ṣáá. Obìnrin tó ń ta tófù, ẹni tó ti fi ẹnu tú ilé mẹ́ta ká ní àdúgbò yìí, òun ló sunkún jù, ó ń ní, “Ó mà ṣe o, ọkùnrin náà kò lẹ́nì kan.” Mo jókòó níwájú rẹ̀, èmi tí kò kí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Fíìmù ni wọ́n ń ṣàánú, kì í ṣe èèyàn.

Mo gbé fìlà mi lé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn èèyàn pọ̀ débi pé àwọn kan dúró. Ẹnì kan bi mí ta ló ni ibẹ̀. Mo ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Nígbà tí iná tàn, mo mú fìlà mi, mo dé e, mo lọ sílé.

Hirabe sọ fún wa pé wọ́n máa gbé e lọ sí Yúróòpù, pé ó lè dé ìlú rẹ pàápàá. Bí o bá rí i, má gba ìdọ̀tí fèrèsé yẹn gbọ́. Ilé wa mọ́.

Bàbá rẹ,
Eisaku


Düsseldorf
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 1996

Sí Ọ̀gbẹ́ni Tokunaga,

Fíìmù yín dé ibí. Rainer ló rí i nínú ìwé ìròyìn, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó rò pé òun ń fún mi ní ẹ̀bùn. N kò sọ fún un pé ilé yín ni. Mo fẹ́ wò ó kí n fi yín rẹ́rìn-ín.

Mo sì rẹ́rìn-ín. Mo rí ìdọ̀tí yẹn, mo rí ẹlẹ́ja, mo rí ọkùnrin yẹn tó ń fi ìka kan fọ ìrẹsì bí ẹni tó ń wẹ ológbò. Títí dé apá ìparí. Ọmọ náà ti lọ. Bàbá náà dá wà nínú ilé, ó dúró níwájú òpó àárín ilé, ó ń fi ọwọ́ pa àwọn ìlà tó wà lára òpó náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Rainer ń sunkún. Èmi dìde, mo jáde, nítorí bí n kò bá jáde mo máa pariwo.

Òpó mi nìyẹn. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, tèmi ni. Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé, ẹ máa ń pe mí láti ibi ìwẹ̀ tí màmá ti fi ewé sí omi, irun mi á ṣì tutù, ẹ ó ní kí n fi ẹ̀yìn ti òpó, kí n má fi ìka ẹsẹ̀ dúró, ẹ ó sì fi abẹ ṣọ́ọ̀bù fa ìlà sókè orí mi. Nínú gbogbo ohun tó ti ilé yẹn wá, ìyẹn nìkan ni mo ti sọ dáadáa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ọ́ fún Rainer. Lónìí ojú tì mí pé mo sọ ọ́.

Ẹ wá gbà kí wọ́n fa ìlà tiwọn lé tèmi lórí. Òkìtì ìlà, títí dé ibi tí ọwọ́ òṣèré yẹn fi ní láti nà kó tó kàn án. Àwọn òpònú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú fíìmù wọn, báwo ni ìlà rẹ̀ ṣe ga ju bàbá rẹ̀ lọ? Oṣooṣù ni mò ń wọn gíga àwọn ọmọ ilé ìwé wa, mo mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Níbì kan láàárín ìlà wọ̀nyẹn, àlàfo tó wà níbẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò sí ọmọ tó ń ga tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan àfi ọmọ tí ẹni tí kò rí ọmọ rí fi ọwọ́ gbẹ́.

N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀. N kò béèrè pé kí ẹ wá wò mí. Ṣé òpó náà pọ̀ jù láti tọ́jú fún mi? Kí ni wọ́n fún yín tí ẹ fi jẹ́ kí wọ́n fi abẹ gún un? Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni? Wọ́n sì tún wá gbà á padà.

Ẹ tún kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mo ga. Ta ló sọ fún yín? Ẹ kò rí mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún méje.

Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́.

Ohara Sawako


Tsubakiura
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 1996

Sawako,

Lónìí n kò ní kí ọ kú òjò.

Kò sí onífíìmù tó fa ìlà kankan lára òpó yẹn. Àwọn ẹni tí kò lè fọ ìrẹsì ni yóò wá mọ abẹ lò? Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.

Ìyá rẹ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n má yọjú sí ọ, pé yóò dà ọ́ lọ́kàn rú, pé ìyá rẹ ti ń lọ sílé ọkọ mìíràn. Bí tọkọtaya bá túká níbí, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni ọmọ ń lọ, ẹnì kejì a sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún dé, mo ti ra ewé ibi ìwẹ̀ kí n tó rántí pé o kò sí nílé mọ́. Mo dúró níwájú òpó, mo ro ó pé ibi báyìí ni orí rẹ yóò dé, mo fà á. Ọdún kejì náà, mo fà á. Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ̀gbọ́n mi ni, òun náà kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọdún tó ní ikọ́ dá ọ dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo fa ìlà náà mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Àlàfo àtẹ́lẹwọ́ tí o fi ń bú mi, ọdún yẹn ló sọ fún mi pé o ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá níléèwé. Àwọn tó ń gbá a ga. Mo ti rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún tí o pé ogún ọdún, orí àpótí ni mo dúró sí kí n tó fà á. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, o ti fi orí kan ga jù mí lọ. Inú mi dùn. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìlà ìkẹyìn nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù náà, káfíńtà tí Hirabe mú wá gbé ìfági dé. Wọ́n ní ìlà náà pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n fá a láti òkè wá. Mo kúrò nídìí oníbàárà tí mo ti fi ọṣẹ sí lójú, mo wá fi ẹ̀yìn ti òpó, mo jókòó. Abẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò fi í halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, mo gbàgbé láti gbé e sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n káfíńtà yẹn kò dúró bi mí. Hirabe ní ta ló ni àwọn ìlà náà. Mo ní kò kàn án. Ó ní ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró kò lè wà nínú iṣẹ́. Bí gbólóhùn mi ṣe lọ nìyẹn. Ọṣẹ gbẹ mọ́ oníbàárà mi lójú, ó bú mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ kejì Hirabe dá wá, ó wo òpó náà títí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n wá mú Minegishi lọ dúró níbẹ̀. Ìta ni mo wà, mò ń gbálẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sunkún. Wọ́n ní kò lo oògùn lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra rẹ̀ fún ìyẹn ju ti ìrẹsì lọ. Ta ló ní kó bá mi sun ún?

Bú mi nítorí ojúbọ. Bú mi nítorí pé o pé ogún ọdún, ẹnu ẹbí ìyá rẹ kò ká mi mọ́, síbẹ̀ n kò wá. Má bú mi nítorí òpó.

O ní kí n má kọ̀wé mọ́. Èyí ni ìkẹyìn.

Tokunaga Eisaku


Düsseldorf
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje, 1996

Bàbá,

Ẹ kú ooru. Ẹ kú òjò tí n kò kí yín lọ́dún tó kọjá àti èyí tí n kò kí yín lọ́dún yìí. Níbí, oòrùn yọ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo èèyàn bọ́ra sílẹ̀ nínú ọgbà bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Kákì gbígbẹ dé lọ́jọ́ kìíní ọdún. Mo jẹ ẹ́. N kò fẹ́ sọ fún yín ni.

Kò yẹ kí ẹ di onígbàjámọ̀. Láyé yín, orí èèyàn ni iṣẹ́ yín, ẹ kò sì mọ ibi tí orí ọmọ yín dé.

N kò ga. Bí mo ṣe wà nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo wà títí di òní. Nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá yẹn, èmi ni mò ń ṣa bọ́ọ̀lù tó bá jáde, n kò gbá a lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi wa ń fi èjìká mi wọn ara wọn, inú wọn sì ń dùn pé àwọn ti fẹ́ẹ̀ bá tíṣà dọ́gba. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo lọ dúró ti ògiri, mo gbé ọwọ́ sókè orí mi, mo wá ń ro ibi tí yóò bọ́ sí lára òpó yẹn. Ó ku púpọ̀ lókè mi. Àwọn ọdún tí ẹ fi ń tọ́ obìnrin gíga kan níbẹ̀, n kò mọ ẹni tó jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn ṣe eré fún ẹnikẹ́ni.

N kò tíì dárí ojúbọ jì yín. Bóyá n kò ní dárí rẹ̀ jì yín láé. Mo pe màmá, mo sọ fún un pé a fẹ́ yà sọ́dọ̀ yín. Ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, ó wá pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé, ó sì fi tẹlifóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láìgbé e sípò. Mo gbọ́ ọ tó ń fọ abọ́.

A ó dé sí Tsubakiura lóṣù kẹjọ, nígbà àjọ̀dún àwọn òkú, kí a tó lọ sí Osaka. Rainer ló ga, òun ni ìlà òkè yẹn bá mu. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa àtẹ́rígbà kó má fi orí gbá a. Ẹ má fọ ilé jù. Ẹ pọ́n abẹ.

N ó bọ́ bàtà, n ó fi ẹ̀yìn ti òpó, n kò ní fi ìka ẹsẹ̀ dúró. Ẹ fa ìlà náà síbi tí orí mi bá dé gan-an, ẹ má fi kún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á, nígbà tí mo bá ń wọlé, gbólóhùn tí wọ́n gbà fún ẹlẹ́ja yẹn, pé ọmọ yìí mà ti ga, ẹ sọ ọ́. Irọ́ ni. N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi sọ ọ́ tán.

Sawako